Sí Ọmọ Mi Tí Oògùn Ìrora Fẹ́ Gbà Lọ́wọ́ Mi

Ọmọ mi ọkùnrin,

Ṣé ara ti ń mókun? Àwa náà wà láàyè, ọpẹ́ ni. Bàbá rẹ ń kí ọ. Irọ́ ni, kò kí ọ, ó ní kí n má dárúkọ òun rárá, ṣùgbọ́n òun ló lọ ra bébà tí mo fi ń kọ̀wé sí ọ. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká fojú sunkún ọmọ. Ó tó, mo ti kí ọ. Inú ń bí mi.

Mo pè ọ́ lórí fóònù títí, obìnrin kan ló ń dáhùn. Mo ní kó gbé e fún ọ, ó ní o kò sí nítòsí. Mo bú u tìyá tìyá, kò bínú, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tún sọ. Ẹ̀kọ́ tí ọmọbìnrin yẹn ní, ìwọ ò ní in. Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin ló wá sọ fún mi pé ilé ìtọ́jú tí o wà ló gba fóònù lọ́wọ́ rẹ. Wọ́n kúkú ṣeun.

Ta ni kí n tiẹ̀ bá jà? Nígbà tí o jábọ́ láti orí òrùlé tí ò ń kàn, tí o fẹ̀yìn ṣèṣe, dókítà fún ọ ní oògùn ìrora. Ẹ̀yìn san, oògùn ò lọ. Dókítà ní ó tó, o wá ń rà á lọ́wọ́ ọkùnrin oníṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìn ilé rẹ, ẹni tó ń pè mí ní màmá, màmá, tó sì ń ta ikú fún ọmọ mi. O ta ayùn, o ta òòlù. Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ bá ọ nílẹ̀ balùwẹ̀, ètè rẹ ti dúdú bí èédú, ariwo rẹ̀ ló kó àwọn ará ilé jọ tí wọ́n fi gbé ọ dé ọsibítù. Mo bínú sí i pé ó pẹ́ kó tó sọ fún mi. Mo bínú sí ọ pé o fẹ́ kú láìdágbére.

Má rò pé mo ti gbàgbé ọ̀rọ̀ ife. Nígbà tí mo wá wò ọ́ ní ilé ìtọ́jú, tí mo rí nọ́ọ̀sì tó ń fi ife fún ọ ní oògùn mìíràn mu, mo gbà á, mo dà á nù. Mo ní ṣé epo ni wọ́n fi ń paná níbí ni? Ó ní ẹni tí oògùn ti wọ̀ lẹ́jẹ̀ kì í jáwọ́ lójijì, pé èyí ni wọ́n fi ń rọra gba ara rẹ sílẹ̀, wọn á sì máa dín in kù. Mo ní irọ́ ni. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ò ń gbọ̀n, òógùn bò ọ́, ò ń pe ìyá rẹ, èmi rèé níwájú rẹ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, èmi náà ni mo tọrọ ife, tí mo gbé e sí ọ lẹ́nu. Inú bí mi sí nọ́ọ̀sì náà torí pé ó jàre.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ní ẹ ti ń jókòó yíká báyìí, kí kálukú sọ ohun tó ṣe. Mo rò pé kóòtù ni, mo ti múra láti wá jẹ́rìí, ó ní kò sí adájọ́ níbẹ̀. Ta ni yóò wá dá ẹjọ́ oníṣọ́ọ̀bù? Ó ní o sá jáde lẹ́ẹ̀kan, o sì tún fẹsẹ̀ ara rẹ padà wọlé. Mo ṣépè nígbà tí mo gbọ́ ti àkọ́kọ́. Nígbà tí mo gbọ́ ìkejì, mo lọ jókòó sí ẹ̀yìnkùlé.

Ibi tí lẹ́tà dé yìí ló yẹ kí n ti tọrọ owó, torí òrùlé ń jò sórí bẹ́ẹ̀dì wa. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ní kí owó má tíì máa gba ọwọ́ rẹ kọjá. Nítorí náà, gbádùn ná, kí o wá kàn án fúnra rẹ. Káfíńtà mìíràn wá, bàbá rẹ lé e, ó ní ẹni tó ni iṣẹ́ náà ṣì wà láàyè.

Wàá sin wá, a ò ní sin ọ́.

Èmi ni, ìyá rẹ, tí inú ṣì ń bí.