Ojúde Ìsíátù Tí Mo Gbá

Dámilọ́lá, ọmọ mi àtàtà,

Òkun o. Ṣé àlàáfíà lo wà ní Àbújá? Ṣé oúnjẹ ń wọlé, ṣé oorun ń tó ọ? Olúwa tó ń ṣọ́ mi ní Karaworo níbí kò ní fojú fo ilé rẹ. Àwa náà wà dáadáa. Ẹsẹ̀ bàbá rẹ ti ń gbé e dé oko, ẹ̀gẹ́ wa ta dáadáa, ewúrẹ́ dúdú sì bí méjì, iwájú orí ọ̀kan jọ ti bàbá rẹ gan-an.

Alfred awakọ̀ ni mo fi lẹ́tà yìí rán, nítorí fóònù tí o rà fún mi kò jẹ́ kí n rí máàkì tó dára gbà lọ́dọ̀ rẹ. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ sí ọ lórí WhatsApp lọ́jọ́ Ẹtì, àmì kan péré lo fún mi. Lọ́dọ̀ Pásítọ̀ Nehemiah, méjì ni mò ń gbà, aláwọ̀ búlúù, tó túmọ̀ sí pé mo gbà á pátápátá. Mo tún ọ̀rọ̀ náà kà, mi ò rí ibi tí mo ti ṣì í kọ. Jọ̀wọ́, má máa ṣahun máàkì sí ìyá tó bí ọ.

Pásítọ̀ yìí, ọmọ Ìjùmú tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ní kí a gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí a fi ń wàásù sílẹ̀ ná. Ó ní kí olúkúlùkù fi ọjọ́ méje ṣe oore kékeré fún aládùúgbò rẹ̀, kí a má sì wàásù àfi bí onítọ̀hún bá bi wá. Ó pín fọ́ọ̀mù fún wa, pé kí a kọ orúkọ aládùúgbò àti oore tí a ṣe. Mo kọ Rebecca olórí akọrin, pé mo fún un ní ata. Pásítọ̀ dá a padà, ó ní kí n mú ẹni tí èmi àti òun kì í kí ara wa. Ẹnì kan ṣoṣo ló wà bẹ́ẹ̀.

Ìsíátù ni. A jọ dàgbà, a jọ ṣẹ́ igi, ògiri ilé wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Lọ́dún tí ìjì ṣí páànù orí ilé rẹ̀, ó bẹ̀ mí kí n bá òun gbé àpò àgbàdo mẹ́ta sí yàrá wa. Mo ní iṣu ti kún yàrá. Iṣu kò kún yàrá, Dámilọ́lá. Mi ò sọ èyí fún ọ rí. Òjò pa àgbàdo náà títí ó fi hù nínú àpò, láti ìgbà náà ni kò ti kí mi mọ́, àárò rẹ̀ sì ń sọ mí.

Ojú ń tì mí láti wọlé bá Ìsíátù. Mo wá dúró kí ó lọ kírun àárọ̀ ní mọ́ṣáláṣí, mo yọ́ lọ, mo gbá ojúde rẹ̀ mọ́ tónítóní, mo pọnmi kún ìkòkò ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó dé, mo gbóhùn rẹ̀ lẹ́yìn ògiri tó ń yin Nàbílà, aya Àlàbí ọmọ rẹ̀. Nàbílà, tí kì í jí kí oòrùn tó yọ, dáhùn pé ẹ ṣé, mọ́mì. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́jọ́ kejì, lọ́jọ́ kẹta, lọ́jọ́ kẹrin. Èmi ni ẹ̀yìn ń ro, Nàbílà ló ń gba ọpẹ́. Ó dùn mí wọra.

Mo sọ fún bàbá rẹ pé mò ń lọ sọ òótọ́, torí mo mọ̀ pé fọ́ọ̀mù kì í pé bí ẹlẹ́rìí kò bá tẹ̀ka sí i. Bàbá rẹ ní ilé tí ìyá ọkọ àti aya ọmọ ti máa ń jà, tí ẹ̀rín ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde níbẹ̀, ṣé ìjà ni mo fẹ́ dá padà síbẹ̀ nítorí ìwé? Mo ki fọ́ọ̀mù bọ abẹ́ ìrọ̀rí, mo ń gbálẹ̀ mi lọ.

Lọ́jọ́ keje, mo débẹ̀, ilẹ̀ ti mọ́. Ìsíátù jókòó sórí àpótí, Nàbílà dúró lẹ́yìn rẹ̀ tòun ti ìgbálẹ̀.

Ìsíátù ní, “Adéòkè, láti ọjọ́ kìíní ni mo ti mọ̀. Ọwọ́ òsì lo fi ń gbálẹ̀ láti ìgbà tí a ti jọ já bọ́ lórí igi irúgbá. Wàlláhì, ojú ìgbálẹ̀ rẹ lórí yẹ̀pẹ̀ kò lè pa mọ́ fún mi.”

Ó ní òun mọ̀ọ́mọ̀ ń yin Nàbílà sókè ni, kí òun wò ó bóyá màá dẹ́kun. Ojú wá ti Nàbílà títí, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbá tòní.

Mo ní, “Iṣu kò kún yàrá, Ìsíátù.”

Ó ní, “Mo mọ ìyẹn náà. Kí o fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́ ni mo ń dúró dè.”

A sunkún, a sì jọ mu ẹ̀kọ gbígbóná. Ó bi mí ohun tó sún mi ṣe é, mo sọ ti Jésù fún un níwọ̀n bó ṣe béèrè, mo sì mú fọ́ọ̀mù wá. Mo ṣàlàyé bí fóònù ṣe ń máàkì. Ó gba báírò búlúù lọ́wọ́ Nàbílà, ó fa àmì méjì síwájú orúkọ mi.

Nítorí náà, ọmọ mi, bá mi wá owó àgbàdo àpò mẹ́ta. Ó ní òun ò gbà á, ṣùgbọ́n màá gbé e sílé rẹ̀ nígbà tó bá lọ kírun. Nàbílà ti búra pé òun ò ní gba ọpẹ́ ìyẹn. Bí o bá fẹ́ fi owó náà ránṣẹ́ sí onípíósì tó ń sanwó ní Natako, jọ̀wọ́ tẹ́ ẹ dáadáa kí o tó ki í bọ fóònù, torí èyí tó kọjá ti ya létí kó tó jáde síbí.

Ọlọ́run yóò fi aládùúgbò rere yí ọ ká, yóò sì fi ọ́ ṣe aládùúgbò rere fún wọn. Bí o bá ka lẹ́tà yìí tán, fa àmì méjì sí i kí o fún Alfred mú bọ̀. Èmi àti Ìsíátù la ó jọ dúró dè é.

Èmi ni ìyá rẹ,
Adéòkè