Awò Ojú ní Kọ́nà Bàbá Ifáyẹmí

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Ṣẹ́rẹ́, 2025
Mo gun kẹ̀kẹ́ láti Ìkàrẹ́ sí òkè Ọ̀kà, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ọyẹ́ mú gan-an, ètè mi ti là. Ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló kù tí a ó fi sá eré àṣàyàn lórí òkè yìí kan náà. Obìnrin mẹ́ta péré ni wọ́n máa mú lọ gun kẹ̀kẹ́ lókè òkun. Mo ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Tí wọn ò bá mú mi lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó máa tún pè mí.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ojú Kejì — awò mi. Gíláàsì mẹ́ta ló ní tí mo ń pààrọ̀: dúdú fún oòrùn, aláwọ̀ ọsàn fún kùrukùru, funfun fún ìrọ̀lẹ́. Tí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè Ọ̀kà, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò mọ̀ pé ojú ń dunni. Láìsí awò, omijé nìkan ni mo máa rí. Fèrè — kóòṣì wa Nathaniel, tí fèrè kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀ — máa ń sọ pé mo lè yá ènìyàn ní kẹ̀kẹ́ mi, ṣùgbọ́n kí ó má gbìyànjú láti yá awò mi. Òótọ́ ni.

Ọjọ́rú, 8
Ẹjọ́ ti dé ilé. Màámi pàdé Happiness lọ́jà, ìyàwó ọmọ Bàbá Ifáyẹmí. Ilé Bàbá yìí ló wà ní kọ́nà ńlá ìsọ̀kalẹ̀ Ọ̀kà. Ìta ló máa ń jókòó sí láàárọ̀, tí yóò kọjú sí títì. Bàbá ní kí Happiness bi Màámi léèrè ohun tí òun ṣe fún ọmọ rẹ̀ tó fi ń kọjá níwájú òun lójoojúmọ́ láì kí òun.

Mò ń kí i o! Mo máa ń tẹrí ba, mo máa ń juwọ́. Màámi ní awò dúdú yẹn ló fà á. Ta ló ń fi awò dúdú kí àgbà? "Ojú lọ̀rọ̀ wà, Náómì." Ọdún márùndínlógójì ni Màámi fi ṣe tíṣà. Ó ti fẹ̀yìn tì, ẹnu rẹ̀ ni kò tíì fẹ̀yìn tì.

Inú bí mi. Mo ṣáà gbà.

Ọjọ́bọ̀, 9
Mo ti awò sókè orí akoto kí n tó dé kọ́nà. Mo wo Bàbá lójú, mo tẹrí ba dáadáa. Kò mira. Àgbà tó ń bínú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11
Bẹ́ẹ̀ náà. Kò mira.

Ọjọ́ Ajé, 13
Ojú kan ni mo fi ń kọ èyí.

Típà tó kó òkúta wà níwájú mi. Mo rí i. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí awò wà lójú mi. Ṣùgbọ́n kọ́nà Bàbá ti dé, mo sì ń rò ó pé tí mi ò bá yọ ọ́ lónìí, ẹjọ́ mìíràn á tún dé ilé. Mo tì í sókè. Yanrìn kún ojú òsì mi. Díẹ̀ ló kù kí n wọ gọ́tà.

Dókítà ní ẹyinjú ti họ. Ọjọ́ mẹ́wàá láì gun kẹ̀kẹ́.

Ọjọ́rú, 15
Mo jókòó. Kò sí nǹkan míì.

Ọjọ́ Ẹtì, 17
Màámi ń sunkún nínú kíṣíìnì, ó rò pé mi ò gbọ́. Nígbà tó yá, ó ní òun ni òun fọ́ mi lójú. Mo ní rárá o, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò sọ ọ́ bí ẹni tí ó dá lójú. Apá kan nínú mi gbà pé òun ni. Ó dùn mí pé mo gbà bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 23
Wọ́n ti yọ báńdéèjì. Ojú òsì ń ríran, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò mọ́ — bí ìgbà tí ènìyàn fi omi ìrẹsì nu gíláàsì. Dókítà ní ó lè tó oṣù mẹ́ta. Mo wọ Ojú Kejì. Mo pààrọ̀ gíláàsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bákan náà ni. Láti ọdún mẹ́fà, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí awò yìí ò lè ràn mí lọ́wọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 24
Mo gòkè bí ẹni pé nǹkankan ò ṣe mí. Ìsọ̀kalẹ̀ ni wàhálà. Ọ̀tún ni títì yà sí ní kọ́nà yẹn, gọ́tà wà lósì, òsì ni mi ò sì rí dáadáa. Bíréèkì, bíréèkì. Jamilah ará Àrìgìdì, tí kò borí mi rí lórí ìsọ̀kalẹ̀, kọjá lára mi: ẹ̀gbọ́n, ẹ máa bọ̀ lẹ́yìn o! Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Èmi ńkọ́?

Lọ́la, mo máa lọ bá bàbá yẹn. Á gbọ́ ohun tí ìkíni rẹ̀ gbà lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25
Mi ò mọ bí mo ṣe máa kọ eléyìí.

Mo to ọ̀rọ̀ kíkan sẹ́nu láti ilé. Mo kúnlẹ̀, mo di awò mọ́wọ́, mo ní Náómì nìyí, ọmọ tíṣà, ẹni tí kì í kí yín. Ó yíjú síbi ohùn mi, ṣùgbọ́n ògiri ẹ̀yìn mi ló ń wò. Ó nawọ́ láti gbé e lé mi lórí. Ọwọ́ ṣì orí, ó bọ́ sí èjìká.

Bàbá ò ríran. Ọdún kẹrin rè é. Ojú náà là sílẹ̀ kedere, ta ló máa mọ̀?

Ó ní òun máa ń gbọ́ kẹ̀kẹ́ mi tó ń kùn bí oyin, Happiness ló sọ fún òun pé ọmọ tíṣà ni, òun á sì máa retí ohùn. Ohùn kò ní wá. Mo ní mo máa ń juwọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́: "Ta lò ń juwọ́ sí, ọmọ mi? Lọ́dọ̀ tèmi, ẹni tí kò bá fọhùn kò tíì kọjá."

Mi ò mọ ibi tí mo ju ìbínú mi sí. Mo wá sọ ti ojú mi fún un. Ó ní ẹnu gọ́tà gan-an ni àga òun wà, níbi tí títì ti bẹ̀rẹ̀ sí í yà. Kí n máa pe òun bí mo bá ń bọ̀, òun á dáhùn. "Ibi tí o bá ti gbọ́ mi, gọ́tà ni. Yà fún mi."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28
Bàbá, ẹ kú ìjókòó o! — Náómì, yà o! Mo yà. Mi ò fọwọ́ kan bíréèkì. Ojú Kejì wà lójú mi, eruku ò rí mi mú. Ẹ̀ẹ̀mẹrin. Jamilah ò rí ẹ̀yìn mi. Fèrè wo aago rẹ̀, ó gbàgbé láti fọn fèrè.

Ọjọ́ Ẹtì, 31
Mo nu awò. Gíláàsì dúdú ni mo máa lò. Màámi gbàdúrà títí oúnjẹ fi tutù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 Oṣù Èrèlé
Kẹrin.

Èmi ni mo kọ́kọ́ dé orí òkè. Mo ń sọ̀ bọ̀, kọ́nà ń bọ̀, mo pe Bàbá. Ọ̀kadà ń hó, èrò ń pariwo, ẹnìkan ń sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Mo tún pè. Mi ò gbọ́ nǹkankan. Ọwọ́ mi fúnra rẹ̀ ló fún bíréèkì. Ẹni mẹ́ta kọjá, Jamilah ló kẹ́yìn wọn. Mi ò bá wọn mọ́.

Kò sí ohun tó ṣe awò. Ó mọ́ kedere.

Ọjọ́ Àìkú, 2
Mo lọ sí Ọ̀kà lẹ́yìn ìsìn. Happiness pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Àwọn tó ń darí ọ̀nà lánàá ló gbé àga Bàbá lọ sẹ́yìn okùn, sẹ́yìn èrò, pé kí kẹ̀kẹ́ má baà gbá a. Ó bá wọn jà, wọn ò gbọ́. Ó wá ń ké láti ibẹ̀. Kẹ̀kẹ́ yòówù tó bá kọjá, orúkọ mi ló ń pè, títí eré fi parí.

Bàbá wà lórí àga, àga ti padà sẹ́nu gọ́tà. Ohùn rẹ̀ ti há pátápátá. Kò béèrè ipò tí mo gbà. Ó ní, "Ṣé o gbọ́ mi?"

Mo yọ awò lójú. Mo wo ojú rẹ̀. Mo ní, "Mo gbọ́ yín, Bàbá. Ketekete ni mo gbọ́ yín."

Ó nawọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ọwọ́ rẹ̀ kò ṣì orí mi.