Jósáyà Fọláwẹ̀mí Ṣówándé, Ayafọ́tò Ìfọ̀, àti Odò Tí Wọ́n Yà fún Ọdún Méje

A bí olóògbé Jósáyà Fọláwẹ̀mí Ṣówándé ní abúlé kan lẹ́bàá Ibogun, sínú ẹbí Ṣówándé tó ti Abẹ́òkúta wá dáko síbẹ̀. Ọdún tí a bí wọn kò dá ẹnikẹ́ni lójú. Bàbá wọn a máa sọ pé ọdún tí ọkọ̀ ojú irin kọ́kọ́ kọjá ní Ìfọ̀ ni. Ìyá wọn, Ọ̀ṣunníkẹ́, ní kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ọmọ náà ti ń rìn nígbà náà, òun fúnra òun ló sì gbé e sá fún ariwo ọkọ̀ ọ̀hún. A kọ 1898 sí iwájú ìwé yìí nítorí pé a kò lè fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo.

Wọ́n ka ìwé dé ìwé kẹrin. Ní 1919, wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ fọ́tò yíyà ní Èbúté Mẹ́ta, wọ́n sì ṣí ṣọ́ọ̀bù tiwọn nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin ní Ìfọ̀ ní 1926. Ní 1928, wọ́n fẹ́ Ìbíwùnmí, ọmọ oníṣòwò aṣọ ní Àgbàdo. Wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ fún ọgbọ̀n ọdún. Ohùn wọn kò fi bẹ́ẹ̀ dára, ṣùgbọ́n wọn kì í pẹ́ẹ́ dé. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń ya àwọn ọmọ tó parí ilé-ìwé lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní 1952 ni ohun tí kò yé wa bẹ̀rẹ̀. Olóògbé yóò so kámẹ́rà mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, wọn yóò gba ọ̀nà Odò Ògùn lọ, sí ọ̀dàn tó kọjú sí Mówè àti Ìbafo. Hàkímù apẹja ló ń fi ọkọ̀ gbé wọn kọjá. Wọ́n ri èèkàn mẹ́ta mọ́lẹ̀ fún ẹsẹ̀ kámẹ́rà, ojú kan náà ni wọ́n sì ń yà lóṣooṣù. Àwọn fọ́tò náà wà lọ́wọ́ wa: koríko tó gbẹ lásìkò ọyẹ́, ilẹ̀ tó jó dúdú tí àwòdì ń yí lókè rẹ̀, koríko tútù lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, omi oṣù kẹwàá tó bo gbogbo ọ̀dàn, tó ku orí ọ̀pẹ mélòó kan àti òṣíbàtà. Kò sí ènìyàn kan ṣoṣo nínú wọn. Ìyàwó ojú ọ̀nà tó wá ya fọ́tò á sì jókòó sí ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú aṣọ olówó iyebíye, á máa retí ẹni tó lọ ya koríko.

Ní 1953, ìyá wa, Ìbíwùnmí, rò pé obìnrin kan ló wà lódò. Wọ́n tẹ̀ lé ọkọ wọn lọ láìsọ fún un. Ohun tí wọ́n bá ni ọkọ wọn tó ki orí bọ abẹ́ aṣọ dúdú, tó kọjú sí omi. Inú wọn ìbá dùn pé kò sí àlè, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wá rú wọn lójú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Bí fọ́tò bá ti gbẹ, olóògbé a fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti oṣù tó kọjá, wọn a bi ìyàwó wọn pé, "Ìyá Ọmọ́níkẹ́, èwo ló mọ́ jù?" Ìyá wa a ní, "Ọ̀kan náà ni, ẹ̀yin Bàbá Ọmọ́níkẹ́. Àwọn méjèèjì mọ́." Olóògbé kì í jẹun dáadáa lọ́jọ́ náà. A rò pé ìyìn ni wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìíní 1954, tí ọyẹ́ mú, ìyá wa ní èyí tuntun kò dára rárá, ó ṣe bàìbàì. Bàbá wa bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ra ẹja tútù méjì wálé. Ta ló gbọ́ irú èyí rí, kí oníṣẹ́ máa yọ̀ pé iṣẹ́ òun bàjẹ́?

Láti 1957, Ọmọ́níkẹ́, àkọ́bí wọn tó ń ránṣọ níwájú ṣọ́ọ̀bù, ló ń wo inú kámẹ́rà fún wọn bí wọ́n bá ń ya ènìyàn. Ó rò pé wọ́n ń kọ́ òun níṣẹ́ ni. Ibà mú olóògbé fún ọjọ́ mẹ́fà, wọ́n sì papò dà ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹjọ, 1959.

Ní ọjọ́ kẹta, Hàkímù wá kí wa. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mo rò pé ẹ mọ̀ ni. Ojú Bàbá ti ń lọ láti ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ wá bá mi. Wọ́n á bi mí bóyá ìkúukùu ló wà lórí omi àbí ojú àwọn ni. Lásìkò ọyẹ́, wọ́n á ní ọyẹ́ ni. Bí igbó bá ń jó, wọ́n á ní èéfín ni. Bí òjò bá dé, òjò ni. Èmi a máa ní ìkúukùu wà, kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé mo ń tan àwọn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yà á lọ sílé fún Ìyá. Wọ́n ní Ìyá kò mọ irọ́ pa."

Títí di òní, a kò mọ ìdí tí wọn kò fi sọ fún wa. Bóyá wọ́n rò pé kò sẹ́ni tí yóò jókòó fún ayafọ́tò tí kò ríran. Ẹ̀yin ará Ìfọ̀ tí ẹ ya fọ́tò lọ́dọ̀ wa láti 1957, Ọmọ́níkẹ́ ló yà yín. Ẹ dárí jì wá.

Olóògbé fi ìyàwó wọn sílẹ̀, pẹ̀lú ọmọ méjì, Ọmọ́níkẹ́ àti Ládi tó ń ṣiṣẹ́ ní rélùwéè, ọmọ-ọmọ márùn-ún, àti àbúrò kan ní Ọbáfẹ́mi.

Ìyá wa ní kí a má ṣe parí ìwé yìí láìfi ọ̀rọ̀ tàwọn sí i. Wọ́n ní òtítọ́ ni àwọn ń sọ lóṣooṣù fún ọdún méje: àwọn fọ́tò náà mọ́ kedere, àwọn kò sì mọ̀ pé bí àwọn ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀ ni àwọn ń sọ fún ọkọ àwọn pé ojú rẹ̀ ti lọ. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni a ṣe kọ ọ́: "Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá máa ní ìkúukùu wà níbẹ̀."

Ẹ sùn re o, Bàbá wa. Kí ilẹ̀ Ìfọ̀ rọ̀ yín lọ́rùn.