Kérésìmesì Tí Wọ́n Pè Mí Wá Sọ Yorùbá

Jẹ́dà, ilẹ̀ Sáúdí,
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kejìlá, 1988.

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Mo gbàgbọ́ pé ara yín le, pé ọyẹ́ ò da orúnkún yín láàmú jù, pé gbogbo ará ilé Ẹdẹ sì wà ní àlàáfíà. Ara tèmi náà dá ṣáṣá, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ìyábọ̀, àbúrò mi, ìwọ tí o ń ka lẹ́tà yìí sí wọn létí, rọra kà á, má sì fo ibi kankan, kódà ibi tí mo ti sunkún.

Ẹ béèrè bí a ṣe ń ṣe Kérésìmesì níbí. Ìyá mi, a kì í ṣe é, òfin ilẹ̀ yìí ò gbà á. Ọjọ́ Sọ́ńdè ló bọ́ sí lọ́dún yìí, ṣùgbọ́n Jímọ̀ ni ọjọ́ ìsinmi wọn. Ọjọ́ iṣẹ́ lásán ni Sọ́ńdè. Bọ́ọ̀sì gbé wa lọ sí ọsibítù láàárọ̀ bí ìṣe rẹ̀. Mo ń kọ orin ìbí Jésù sínú, ètè mi ò mì.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun kan. Mo ti pinnu pé lọ́jọ́ náà gan-an ni n ó sọ fún mẹ́tírọ́nì wa pé mo fẹ́ máa bọ̀ nílé. Mo mọ ìdí tí mo fi kúrò ní ọsibítù ilé. Láti ìgbà tí Sáàpù, ètò ọrọ̀-ajé ìjọba, ti dé ni a ti ń ní kí aláìsàn lọ ra òwú àti ìbọ̀wọ́ wá kí nọ́ọ̀sì tó lè tọ́jú rẹ̀, ìjọba ológun sì ń ní ká fara dà á. Síbẹ̀, oṣù mẹ́jọ tí mo lò níbí ti sú mi. Iṣẹ́ dára, àìrí ẹni bá sọ̀rọ̀ ni kò dára. Nígbà mìíràn mo máa ń dúró níwájú dígí, n ó máa bá ara mi sọ̀rọ̀, kí Yorùbá má baà sọnù lẹ́nu mi.

Mo ti ń múra àtilọ bá mẹ́tírọ́nì nígbà tí òun fúnra rẹ̀ sáré wọ wọ́ọ̀dù ọmọdé tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní aboyún kan wà ní yàrá ìgbẹ̀bí, ọmọ dábùú nínú rẹ̀, iṣẹ́ abẹ ló kàn, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ èdè rẹ̀. Ìwé ìrìnnà rẹ̀ sọ pé ọmọ Nàìjíríà ni.

N kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí mo fi gbọ́ igbe: “Ẹ má là mí o! Ẹ dúró de ọkọ mi!” Ìyá mi, Yorùbá ilé wa ni! Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní, “Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi.” Ó tẹjú mọ́ mi. “Ẹ̀gbọ́n, ibo lẹ ti gbọ́ Yorùbá?” Mo ní Ẹdẹ ni wọ́n bí mi sí. Ló bá bú sẹ́kún. “Ẹdẹ náà lèmi! Fàtímọ̀ ni mí, ọmọ Àtàndá alágbẹ̀dẹ.”

Ọkọ rẹ̀, Salman, mekáníìkì ni. Ó ti bá àwọn tó ń ṣe títì lọ sí aginjù láti ọjọ́ mẹ́ta. Lárúbáwá tí Fàtímọ̀ gbọ́ ò ju èyí tó fi ń kírun lọ. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ júwe bí wọ́n ṣe máa la ikùn, ó rò pé wọ́n fẹ́ pa òun kí wọ́n lè gba ọmọ là ni. Ó ní, “Bí mo bá kú síbí, ta ni yóò sọ fún ìyá mi?”

N kò purọ́ fún un. Mo ní ewu wà nínú iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n bí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àtòun àtọmọ la ó pàdánù. Mo ní n kò ní fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ títí oorun yóò fi gbé e lọ. Ó ní, “Ẹ búra.” Mo ní Ọlọ́run gbọ́. Ó tẹ̀ka sí ìwé àṣẹ iṣẹ́ abẹ.

Wọ́n gbé ọmọ jáde, obìnrin ni, kò ké. Agbẹ̀bí fa omi lẹ́nu rẹ̀, ó gbá a ní àtẹ́lẹsẹ̀. A dúró, a dúró. Ìgbà tó ké, mo fẹ̀yìn ti ògiri, mo sunkún bíi tirẹ̀.

Nígbà tí Fàtímọ̀ jí lọ́sàn-án, ó béèrè ọjọ́ tí a wà. Mo sọ fún un. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé onígbàgbọ́ ni yín?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ohùn rẹ̀ ò tíì já gaara, síbẹ̀ ó ní, “Ẹ kú ọdún o, ẹ kú ìyèdún. Ẹ ó ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé.” Ìyá mi, bí mo ṣe ṣọdún nìyẹn.

Salman dé lọ́jọ́ kejì, eruku aginjù bò ó, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi láàárín wọ́ọ̀dù, gbogbo wọn ń wò. N kò sọ ọ̀rọ̀ àtibọ̀ nílé fún mẹ́tírọ́nì mọ́. N ó parí ọdún méjì tí mo fọwọ́ sí. Mẹ́tírọ́nì ló tún wá bẹ̀ mí pé kí n kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá mẹ́wàá sílẹ̀ fún àwọn agbẹ̀bí. “Pẹ̀lẹ́” ni mo kọ́kọ́ kọ.

Ẹ bá mi ṣe oore kan. Salman ò mọ̀wé kọ, Fàtímọ̀ ò sì tíì lè jókòó pẹ́. Ẹ lọ sílé Àtàndá alágbẹ̀dẹ, kí ẹ sọ fún wọn pé ọmọ wọn ti bímọ láyọ̀.

Kí Ọlọ́run fi ẹ̀mí gígùn jíǹkí yín. Kí ọdún tuntun bá oúnjẹ nínú ìkòkò yín, kí ó bá ẹ̀rín lẹ́nu yín, kí ìlú wa sì rọ̀ fún tolówó-tòtòṣì.

Èmi ni ọmọ yín tí àárò yín ń sọ,
Títílayọ̀.

Àfikún: Tí ẹ bá dé ọ̀hún, ẹ kọ́kọ́ sọ pé ìyá àtọmọ ń bẹ láàyè kí ẹ tó mẹ́nu ba iṣẹ́ abẹ. Fàtímọ̀ sì ní imú ìyá òun gan-an lọmọ náà gbé wá sáyé. Ẹ bá wa wo imú wọn dáadáa, kí ẹ kọ̀wé sí wa bóyá òótọ́ ni.