Wáyà Tí Mo Fi Yẹ̀pẹ̀ Díẹ̀ Bò

Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Mọ̀gáríbì

Ẹ̀gbọ́n mi Sálíù kò tíì la ojú rẹ̀.

Òyìnbó ọ̀gá wa ní kí n fa iná mànàmáná láti ìdí ẹ́ńjìnnì ilé òun dé àtíbàbà tí Sálíù ti ń ṣiṣẹ́ káfíńtà. Ó ní kí n gbẹ́ ilẹ̀ jìn dé orúnkún. Ilẹ̀ le, mo kàn fi yẹ̀pẹ̀ díẹ̀ bo wáyà.

Lónìí, Sálíù ń ro koríko níbẹ̀. Ọkọ́ rẹ̀ gé wáyà, iná gbé e ṣubú. A sáré gbé e wálé.

Ìyàwó rẹ̀ kọjú sí mi, ó ní, “Ọkọ mi, ṣé ẹ̀yin lẹ bo wáyà yẹn?”

“Èmi ni.”

Kò bú mi. “Ṣé iná ṣì wà nínú rẹ̀? Ràbí ọmọ wa ò sí nílé o!”

Yá Allah! N kò tíì pa ẹ́ńjìnnì. Mo sáré lọ pa á.

Nígbà tí mo dé ìdí wáyà, Ràbí jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó bi mí bóyá bàbá òun ti jí.