Abẹ́rẹ́ Inú Fìlà Mi

Àbíkẹ́yìn mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o ń jẹun? Ṣé òtútù inú ṣọ́ọ̀bù yín yẹn ò tíì kó àìsàn bá ọ? Ẹsẹ̀ tó ń gbé ọ dúró láti àárọ̀ dalẹ́ ò ní yẹ̀ o. Àmín. Orúnkún ìyá rẹ ti ń gbọ́ràn díẹ̀díẹ̀. Ìjì ṣí páànù méjì lórí ìsọ̀ mi, ṣùgbọ́n kò ṣe máṣíìnì ní nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí mo wá síbi iṣẹ́ rẹ ló jẹ́ kí n mú bírò. Mo jẹ̀bi. Ó yẹ kí n ti ránṣẹ́ sí ọ kí n tó wá. Ìyá rẹ kìlọ̀ fún mi, mo ní ọ̀dọ̀ ọmọ mi ni mò ń lọ, ta ni yóò lé mi?

Ilẹ̀kùn dígí yẹn ṣí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣí i, mi ò rí ẹnì kankan. Mo kí àwọn obìnrin gíga mẹ́ta tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò dáhùn, mo tún wọn kí, àfi ìgbà tí mo wò ó dáadáa tí ọ̀kan ò ní orí. Àṣé ère ni wọ́n! Ìyẹn ò dùn mí. Àwọn ọmọge méjì tó ní orí, tó ní etí, tí àwọn náà ò dáhùn, àwọn ló dùn mí. Ọ̀kan wò mí láti bàtà dé fìlà, ó ní kí lo fẹ́. Kí lo fẹ́, fún èmi! Ọmọ tí kò tó ọ lọ́jọ́ orí! Mo gbé e mì. Mo ní mo kàn ń wo aṣọ ni, torí mi ò fẹ́ kí wọ́n pè ọ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní aṣọ ibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ mi.

Mo bá rí gáùn aláwọ̀ ewé kan. O mọ̀ pé inú aṣọ ni èmi máa ń wò kí n tó wo òde. Mo yí i sódì, ìṣẹ́tí rẹ̀ ti tú! Wọ́n so nọ́ńbà gígùn kan mọ́ ọn lọ́rùn, mo ṣe bí nọ́ńbà fóònù ẹni tó ni ín ni, pé bóyá ó ń bọ̀ wá gbà á, mo wá ní kí n bá yín tún un ṣe kí wọ́n má lọ bá ọ wí. Nígbà tí mo padà délé tí mo sọ ọ́, tíṣà àdúgbò wa ní owó rẹ̀ ni. Mi ò gbà á gbọ́. Iye yẹn, fún aṣọ tí ìṣẹ́tí rẹ̀ tú? Mo jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì, mo yọ abẹ́rẹ́ inú fìlà mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ ẹ.

Yéè, ariwo tí ọmọ yẹn pa! Ó já aṣọ gbà, ó ní mo ti bà á jẹ́. Ọ̀gá yín jáde, ó nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà fún mi. Ìgbà yẹn ni o ti yàrá ẹ̀yìn gbé páálí jáde, o rí mi. Ọ̀gá bi ọ́ pé ṣé o mọ ọkùnrin yìí. O wo páálí ọwọ́ rẹ. Kí ẹnu rẹ tó là, mo ti yára sọ pé mo ṣìlé ni, mi ò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n, mo bá tèmi lọ.

Inú ọkọ̀ ni mo ti wá rò ó pé irú kí ni mo ṣe yìí. Mo ṣe bí iṣẹ́ rẹ ni mò ń dáàbò bò. Ṣùgbọ́n bóyá o fẹ́ sọ pé bàbá mi ni. Bóyá ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu rẹ, tí èmi sì já a gbà bí ọmọ yẹn ṣe já aṣọ gbà lọ́wọ́ mi. Ó dùn mí gan-an. Tàbí o fẹ́ sọ pé o ò mọ̀ mí. Ìyẹn náà, mi ò ní bínú. Irọ́ ni, màá bínú díẹ̀.

Bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún páànù. Má gba ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ ara ògiri báńkì o, ó gbé káàdì ìyá rẹ mì lóṣù tó kọjá, a dúró títí kó pọ̀ ọ́, kò pọ̀ ọ́.

Mo ti ra aṣọ aláwọ̀ ewé kan, mo fẹ́ fi rán gáùn fún ọ. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n rẹ tó wà nínú ìwé mi, ti ọdún tí o kúrò nílé ni. Bó bá jẹ́ pé bàbá mi ni lo fẹ́ sọ lọ́jọ́ yẹn, wá sílé kí n fi téèpù wọ̀n ọ́ fúnra mi. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, kọ ìwọ̀n náà ránṣẹ́. Màá rán an náà ni.

Ibikíbi tí o bá wọ̀ tí o kí wọn, wọn á dá ọ lóhùn. Àmín.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, télọ̀.