Ihò Kejì Lára Kọ̀ǹpútà Àlàájà

                                        Ẹ̀yìn Ilé Epo,
                                        Agbowó,
                                        Ìbàdàn.
                                        Ọjọ́ Kẹrìndínlógún, Oṣù Kejì, 2025.

Ṣèyífúnmi, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyá rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Bọ́láwárìn àbúrò rẹ ńkọ́, ṣé kò jí ṣúgà lá mọ́? Tèmi, ara le, ọkàn ni kò le. Láti Ọjọ́rú ni inú ti ń bí mi, bí mi ò bá sì sọ ọ́ fún ọ, mo lè lọ sọ ọ́ fún ẹni tí kò yẹ.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti kúrò níléèwé ní SS2, ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Gbádérọ̀ ni mo ti ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Wọ́n ṣe àpótí kan tí ń sàba lé ẹyin fún Àlàájà Kùdírátù ní Akóbọ̀. Kọ̀ǹpútà kékeré kan tó ń lo ètò tí wọ́n ń pè ní Linux, kò ju páálí ìṣáná méjì lọ, ló ń ṣọ́ ooru inú rẹ̀. Bátìrì sólà ló ń gbé e. Ihò USB méjì ló ní; ohun tí ń wọn ooru wà lẹ́nu ọ̀kan. Bí ìyẹn bá ti já, kọ̀ǹpútà á pa gílóòbù tó ń mú inú àpótí gbóná, ẹyin á sì tutù.

Ó kàn ń já ṣáá ni. Ọ̀gá pààrọ̀ wáyà, wọ́n pààrọ̀ ohun tí ń wọn ooru, pàbó. Ẹyin ọgọ́fà dọ̀bu. Àlàájà ní ọwọ́ ọmọ tí kò parí ìwé yìí ló ń ba nǹkan àwọn jẹ́. Ọ̀gá ní kí n kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é nídìí iṣẹ́ wa: ọmọ iṣẹ́ ló ń ru ẹ̀bi, kí oníbàárà má baà sá. Mo kúnlẹ̀. Nígbà tí a ń bọ̀ nílé ni wọ́n wá sọ pé bó bá tún já kó tó di Jímọ̀, kí n palẹ̀ ẹrù mi mọ́, kí n padà sọ́dọ̀ ìyá mi ní Mọ́níyà. Ó ku oṣù mẹ́rin péré kí n ṣe fírídọ̀mù, Ṣèyí.

Lọ́jọ́rú, èmi nìkan ni wọ́n rán lọ. Mi ò fọwọ́ kan wáyà kankan. Linux máa ń kọ ohun gbogbo tó bá wọ ihò rẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, tòun ti orúkọ àti aago, bíi ṣọ́jà ẹnu géètì. Mo dà á kọ sínú ìwé mi. Ìgbà mọ́kànlá ló ti já. Nínú gbogbo rẹ̀ pátá, fóònù kan náà ló kọ́kọ́ ń wọ ihò kejì, kò sì ní tó ìṣẹ́jú-àáyá méjì tí ohun tí ń wọn ooru á jáde. Iná inú kọ̀ǹpútà yẹn kò tó àwọn méjèèjì.

Ibi tí mo ti ń ronú ẹni tó ni fóònù ni NEPA ti mú iná lọ. Àlàájà wọlé, wọ́n fi ìbàdí tì mí sápá kan, wọ́n ki wáyà fóònù wọn bọ ihò kejì kó lè gba iná sólà. Nọ́ńbà ooru pòórá.

“O rí i báyìí?” ni wọ́n wí. “Níṣojú rẹ náà ló já.”

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, fóònù yín ni.”

“Fóònù mi ló ń sàba ni?”

Mo yọ ọ́, nọ́ńbà padà. Mo tún fi í síbẹ̀, nọ́ńbà lọ. Wọn ò wo ibẹ̀. Ọ̀gá ni wọ́n fi fóònù náà pè.

Ọ̀gá dé, wọ́n ka ìwé mi látòkè délẹ̀. Mo rí i lójú wọn pé ó yé wọn. Wọ́n pa á dé. “Mutmainah, kúnlẹ̀ bẹ Àlàájà. O ti bá àgbà jiyàn.”

Mo kúnlẹ̀, omi ń bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni kọ̀ǹpútà yẹn wà, ihò kejì sì wá ṣe déédé ojú mi. Bí ẹnu mi ti ń wí pé “Ẹ má bínú mà,” bẹ́ẹ̀ ni mo ń fi téèpù dúdú tó wà lápò mi lẹ̀ ẹ́ pa, ìlọ́po mẹ́ta.

Jímọ̀ ti kọjá, kò já mọ́, wọn ò sì lé mi. Àná ni Àlàájà wá sí ṣọ́ọ̀bù wá dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀gá. Ọ̀gá ní, “Ìrírí ni, Àlàájà.” Èmi ń gbálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Òwe ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ó jọ pé àgbà nìkan ló dá Agbowó.

Bá mi kí Màmá àti Bọ́láwárìn. Mo ti ya ojú ewé tí mo da ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà náà kọ sí, òun ló wà nínú lẹ́tà yìí. Tọ́jú ẹ fún mi. Mú un dání wá síbi fírídọ̀mù mi, kí ẹnì kan ṣáá mọ ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tí mo bá kúnlẹ̀ kí Ọ̀gá ṣàdúrà fún mi.

Èmi ni tìrẹ, tí orúnkún ṣì ń ro,
Mutmainah.